Ohun Tí A Máa Ń Ṣe Tẹ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ èdè ni mo gbé wá lónìí. Èdè Sípéènì ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu Yorùbá wọ̀ ọ́.

Ṣé ẹ ti kíyè sí bí àwa Yorùbá tí a wà ní Àbújá ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bí a bá jókòó pọ̀? Ìbáà jẹ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìbáà jẹ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ jẹ́ kí ìrẹsì tán nínú abọ́, kí omi tútù sì balẹ̀ lọ́fun. Ẹnìkan á ní, "Nígbà tí a wà ní Mushin, aago márùn-ún ìdájí ni bàbá wa máa ń jí wa." Ẹlòmíì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, "Tiwa ní Òṣogbo, odò la máa ń kọ́kọ́ lọ ká tó gba ilé ìwé lọ." Kò yani lẹ́nu. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba ológun ṣe òfin tó dá agbègbè olú-ìlú yìí sílẹ̀, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sì kó kúrò l'Ékòó wá síbí. Àgbàlagbà tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún láàárín wa, ibòmíì ló ti ṣe kékeré. Ìdí nìyẹn tí "máa ń" fi pọ̀ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀.

"Máa ń" yìí gan-an ni mo fẹ́ fà yọ. Òun ni kọ́kọ́rọ́ yàrá kan nínú èdè Sípéènì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bẹ̀rù, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ wa ni kọ́kọ́rọ́ náà wà láti ilé.

Mo ń kọ́ àwọn èèyàn díẹ̀ ní èdè yìí ní ìrọ̀lẹ́ nínú yàrá kan ní Wuse. Ọ̀kan nínú wọn, ọkọ rẹ̀ ń bẹ ní Barcelona, ó sì fẹ́ lọ bá a. Òmíràn ń ṣòwò pẹ̀lú àwọn ará Malabo ní Equatorial Guinea, níbi tí èdè Sípéènì jẹ́ èdè ìjọba, nítorí pé abẹ́ Sípéènì ni wọ́n wà títí wọ́n fi gba òmìnira ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1968. Àwọn kan tún ń lọ sí ọ́fíìsì aṣojú Sípéènì, ti Mẹ́síkò, ti Kúbà tàbí ti Ajẹntínà, tí gbogbo wọn wà nínú ìlú wa yìí. Bí ẹ bá ka Sípéènì fúnra rẹ̀, Equatorial Guinea àti àwọn ti Amẹ́ríkà Látìn pọ̀, orílẹ̀-èdè 20 ni èdè yìí ti jẹ́ èdè ìjọba. Kì í ṣe èdè tí ẹni tó bá kọ́ ọ máa kábàámọ̀.

Gbogbo wọn ló ń lọ geerege títí a fi dé orí ohun tí wọ́n ń pè ní "pretérito imperfecto". Ibẹ̀ ni ìwé máa ń dákẹ́, tí ojú á kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Kí ló dé? Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń kà. Gẹ̀ẹ́sì ń fún wọn ní ọ̀nà mẹ́ta tí èèyàn lè gbà túmọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ ti ohun tí èèyàn ìbá ṣe, èyí tí àwọn Sípéènì ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún pátápátá. Ẹni tó fẹ́ sọ pé "a máa ń jẹ", "comíamos", á lọ sọ "comeríamos", tí í ṣe "à bá jẹ".

Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe wí ni èmi náà ń kọ́ wọn fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó là mí lójú ni bàbá kan nínú kíláàsì, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yorùbá nílé ìwé gírámà kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn níbí. Lọ́jọ́ náà mo ti ṣàlàyé ṣàlàyé, ó ti sú mi. Bàbá na ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Tíṣà, àìṣetán mà lèyí!"

Ẹ̀yin tí ẹ ka Yorùbá nílé ìwé, ẹ rántí o. Olùkọ́ máa ń kọ ọ́ sójú pátákó: ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ aṣetán, ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ àìṣetán. Aṣetán ni ohun tó ṣẹlẹ̀ tó sì parí: "Mo kọrin." Àìṣetán ni èyí tí a kò wo ìparí rẹ̀, ó sì pín sí méjì. Atẹ́rẹrẹ ni ọ̀kan, ohun tó ń lọ lọ́wọ́: "Mo ń kọrin." Bárakú ni ìkejì, ohun tó ti di ìṣe ẹni: "Mo máa ń kọrin." "Imperfecto" tí àwọn Sípéènì ń sọ, bí ẹ bá tú u, ohun tí kò tíì parí ni. Bàbá náà kò ka ìwé Sípéènì kankan rí kí wọ́n tó wá sí kíláàsì mi, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n pè é ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ èdè Sípéènì fúnra wọn fi ń pè é. Ara mi bù máṣọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa ìwé Gẹ̀ẹ́sì dé bí a bá dé ibi ẹ̀kọ́ yìí.

Ohun tí ẹ máa fi sọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Sípéènì fi ń ṣe atẹ́rẹrẹ àti bárakú pọ̀, bí ọ̀rọ̀ náà bá ti jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá. "Cantaba": mo ń kọrin nígbà yẹn. "Cantaba": mo máa ń kọrin nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló máa sọ èyí tó jẹ́. Ṣùgbọ́n "mo kọrin," tó ti parí, tirẹ̀ yàtọ̀: "canté."

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í pààrọ̀ ara. "Kọrin" ni lánàá, "kọrin" ni lónìí, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń sọ àsìkò. Ti Sípéènì, ìrù ọ̀rọ̀ ni ó ń yí padà. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọn kò ju ọ̀nà mẹ́ta lọ bí ẹ bá wo ìparí wọn: àwọn tó parí sí "-ar", bíi "cantar", kí a kọrin, àwọn tó parí sí "-er", bíi "comer", kí a jẹun, àti àwọn tó parí sí "-ir", bíi "vivir", kí a máa gbé ibì kan. Ẹ gé ìparí yẹn kúrò, ẹ fi ìrù tuntun sí i.

Tí ó bá jẹ́ "-ar", "aba" ni ìrù náà. Ẹ pè é tẹ̀lé mi: èmi, "cantaba". Ìwọ, "cantabas". Òun, "cantaba". Àwa, "cantábamos". Àwọn, "cantaban". Ní Sípéènì, bí ẹ bá ń bá ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, "cantabais" wà níbẹ̀. Ní gbogbo Amẹ́ríkà Látìn, "cantaban" ni wọ́n fi ń bá ẹ̀yin náà wí.

Tí ó bá jẹ́ "-er" tàbí "-ir", ìrù kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, "ía". Comía, comías, comía, comíamos, comíais, comían. Vivía, vivías, vivía, vivíamos, vivíais, vivían. Ó tán.

Mo ní ó tán, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ẹni tó bá ti kọ́ èdè yìí dé ibì kan á mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tí wọ́n lágídí. "Tener", kí a ní nǹkan, á di "tengo" lẹ́nu rẹ lónìí. "Poder" á di "puedo". "Dormir" á di "duermo". "Hacer" á di "hago". Ẹ kó gbogbo àwọn alágídí wọ̀nyí wá sínú àìṣetán yìí, ẹ ó rí i pé wọ́n á tẹríba: tenía, podía, dormía, hacía. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú èdè náà, mẹ́ta péré ni kò tẹ̀lé òfin: "ser", kí a jẹ́ nǹkan, tó di "era", "ir", kí a lọ, tó di "iba", àti "ver", kí a rí nǹkan, tó di "veía". Ẹ há mẹ́ta yẹn sórí lálẹ́ òní. Ibi tí òfin ti rọrùn tó báyìí kò pọ̀ nínú èdè Sípéènì, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ń sá fún.

Ti ohùn wá ńkọ́? Níbí ni ọmọ Yorùbá ti ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ kò ní. A mọ̀ láti kékeré pé àmì orí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Igba kì í ṣe igbá, igbá kì í ṣe ìgbà. Sípéènì kò ní ohùn bíi tiwa, ṣùgbọ́n wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń fi agbára tẹ ọ̀rọ̀, ó sì ń dún létí wa bí ohùn òkè. "Hacia", tó túmọ̀ sí apá ibi tí a dojú kọ, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Bí a bá fi àmì tiwa kọ bí àwọn ará Kúbà ṣe ń pè é, ásìà ni. "Hacía", ó ń ṣe nǹkan, àárín ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, àsíà. Àmì kékeré kan orí "i" yẹn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ "comía", ẹ má gbàgbé àmì rẹ̀ láé. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi àmì ohùn Yorùbá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: kòmíà, kòmíàmòs, kàntábà, kàntábàmòs. Bí wọ́n bá kà á báyẹn, ará Madrid á gbọ́ wọn. Ti "v" kò sì gbọdọ̀ dà yín láàmú. Kò sí "v" nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, àwọn náà kò sì pe tiwọn ní "v", bí "b" ni wọ́n ń pè é. "Vivía", bìbíà ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí Yorùbá ti ràn wá lọ́wọ́, ibẹ̀ náà ló ti lè gbé wa ṣubú. Ìyá ọlọ́mọ kan nínú kíláàsì mi kọ̀wé nípa màmá rẹ̀. Ó kọ "Mi madre cocinaban." Mo ní "cocinaba" ni, nítorí pé màmá kan ṣoṣo ni. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó bú màmá rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, màmá mi ni! Wọ́n máa ń se oúnjẹ, kì í ṣe ó máa ń se oúnjẹ." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ẹ̀kọ́ ilé ló fi kọ èdè Sípéènì. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé bí ará Sípéènì bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá tó bí i, ẹyọ ló ń lò, kò sì rí i fín. Ibi tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni ìgbà tí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú. "Tú" ni "ìwọ" tiwọn, "usted" ni "ẹ̀yin" tí a fi ń bá ẹni tó jù wá lọ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì ti lo "usted", ìrù ti "òun" ni ọ̀rọ̀-ìṣe á gbé: "¿Usted vivía en Lagos?" Ṣé Èkó lẹ ń gbé tẹ́lẹ̀? Ẹni tó bá ti mọ ìyàtọ̀ láàárín "o" àti "ẹ" láti inú ilé, kò ní ṣì í.

Ọ̀fìn kejì ni èyí. Ohun tí mò ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan ni pé kí ẹ máa wá "ń" tàbí "máa ń" nínú Yorùbá yín, bí ẹ bá rí i, kí ẹ lo "aba" tàbí "ía". Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń sọ ohun tí èèyàn ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ bí nǹkan ṣe wà ni wọ́n ń sọ: wà, ní, mọ̀, fẹ́. A kì í sábà fi "ń" sí wọn. Bí mo bá ní, "Nígbà tí mo wà nílé ìwé, mo ní kẹ̀kẹ́ kan," kò sí "ń" níbẹ̀, síbẹ̀ "tenía una bicicleta" ni. Wà, "estaba". Mọ̀, "sabía". Fẹ́, "quería". Nítorí náà, tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti ipò tí nǹkan wà nígbà yẹn, àìṣetán ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí i bí Yorùbá ṣe tún ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ẹ wo "mọ̀" àti "wá mọ̀". "Mo mọ̀ pé ó ti lọ", sabía. "Mo wá mọ̀ pé ó ti lọ", ìyẹn ni pé ọjọ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ náà ta sí mi létí, "supe" nìyẹn, aṣetán. Àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi odidi ojú ewé kan ṣàlàyé èyí. "Wá" kékeré ti ṣàlàyé rẹ̀ tán.

Ti "kì í" rọrùn. Àwa ń yí "máa ń" padà sí "kì í", tiwọn, "no" ni wọ́n kàn ń fi síwájú. Màmá mi kì í ra búrẹ́dì: "Mi madre no compraba pan."

Ẹ wá wo bí aṣetán àti àìṣetán ṣe ń rìn pọ̀, nítorí pé inú ìtàn ni adùn wọn wà. Gbogbo ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn wá sí Àbújá ló mọ Lókọ́ja. "Llovía cuando llegué a Lokoja." Òjò ń rọ̀ nígbà tí mo dé Lókọ́ja. Òjò kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní òpin nínú gbólóhùn yẹn, ó kàn ń rọ̀. Dídé mi ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún gbọ́ èyí: "Antes la capital estaba en Lagos, en 1991 se trasladó a Abuja." Èkó ni olú-ìlú wà tẹ́lẹ̀, ní 1991, ó kó wá sí Àbújá. Wíwà ní "estaba", kíkó ní aṣetán. Ká tó dé, àwọn Gbagyi wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ yìí, wọ́n ń gbé, wọ́n ń gbin iṣu: "Aquí vivían los gbagyis y cultivaban ñame." Ó yẹ ká lè sọ ìyẹn náà ní èdèkédè tí a bá kọ́.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára jù lọ kò sí ní Àbújá, òkè òkun ló wà. Ní ọdún 1966, òǹkọ̀wé ọmọ Kúbà kan tó ń jẹ́ Miguel Barnet tẹ ìwé kan jáde, "Biografía de un cimarrón". Cimarrón ni ẹrú tó sá wọ inú igbó. Bàbá àgbàlagbà kan, Esteban Montejo, tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà tí Barnet bá a pàdé, ló sọ ìtàn ara rẹ̀. Oko ẹrú ni wọ́n bí i sí. Ó sá, ó sì dá gbé inú igbó títí ìkónilẹ́rú fi dópin ní Kúbà. Ọdún 1886 ni wọ́n fòpin sí i níbẹ̀. Bàbá náà sọ pé Nazario ni orúkọ bàbá òun, pé Lucumí láti Ọ̀yọ́ ni. Lucumí ni orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Kúbà.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀, èdè Sípéènì ló sì fi sọ ìtàn náà. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń gbé nínú àwọn ilé gígùn tí wọ́n ń há àwọn ẹrú mọ́, ohun tí wọ́n ń jẹ, bí àwọn Lucumí ṣe ń bọ òrìṣà wọn, ìlù tí wọ́n ń lù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, lọ́dọọdún, ni. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà dé òpin, "aba" àti "ía" ló kún inú rẹ̀. Ẹ fojú inú wo gbólóhùn bíi, "Los lucumíes cortaban caña y de noche tocaban el tambor." Àwọn Lucumí máa ń gé ìrèké, tó bá di alẹ́ wọ́n máa ń lu ìlù. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín aṣetán àti àìṣetán á kà á bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gé ìrèké, pé alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n lu ìlù. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni. Àwọn ìtàn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní patakí ní Kúbà, èdè Sípéènì ni wọ́n ń fi sọ wọ́n báyìí. Ara wa ni àwọn èèyàn yìí, èdè ló kàn pín wa níyà. Bí ọmọ Yorùbá kan bá fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn ìbátan rẹ̀ máa ń ṣe, inú ìrù ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló máa ti gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún yín kò tó nǹkan. Lálẹ́ òní, ẹ pe màmá yín, tàbí bàbá yín, tàbí àgbà kan nílé, ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin, ní Kàbà, níbikíbi. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ní ọjọ́ ọdún: kí ni wọ́n máa ń sè, ta ni wọ́n máa ń lọ kí, irú aṣọ wo ni wọ́n máa ń wọ̀. Ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ wá fa ìlà sábẹ́ "ń" àti "máa ń" tó bá wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ ní Sípéènì, "aba" tàbí "ía". Ẹ má gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì kọjá rárá. Kí ẹ sì má gbàgbé: bí ó bá jẹ́ màmá yín, "cocinaba" ni.